Ọmọ Igi Àyálò

Ẹni tó bá ń wá ìyàwó mi, kó má wá a délé. Láti ìgbà tí ìjọba ìbílẹ̀ wa ti gbà á síṣẹ́ nínú ọgbà ọmọ igi tó wà lẹ́yìn káńsù, èmi àti àga mi la jọ ń gbélé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ dírẹ́bà, orúnkún ò jẹ́ kí n rìn jìnnà mọ́. Òun nìkan ló kù tí mo lè máa bá ṣàríyànjiyàn, kì í sì í sí nílé. Ẹ ò rí ayé mi?

Màmá Igi làdúgbò ń pè é. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un, mo bá a níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ igi kan nínú ọ̀rá dúdú, tó ń bá a wí pé kò fẹ́ dàgbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ó ti dá ọ lóhùn?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ó gbọ́ràn jù yín lọ."

Iṣẹ́ náà dáa, mi ò ní parọ́. Oòrùn ti fẹ́ pa wá tán ládùúgbò yìí. Níwájú ilé ìwòsàn, àwọn aláìsàn tó tò sórí ìlà ń fi káàdì wọn bo orí, bí òjò bá sì rọ̀, àgbàrá á wọ yàrá àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀. Ni káńsù bá dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Wọ́n fi ọ̀gá kan síbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin aláwò ojú, ọmọlúàbí èèyàn. Wọ́n ní kó gbin igi sí gbogbo òpópónà. Àjọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí sójú rí ló ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń fi owó yẹn ránṣẹ́. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ìyàwó mi á wọlé, á jókòó láìbọ́ bàtà, á ní, "Wọ́n ní ká ṣì máa retí." Ká retí kí ni? Títí di ìgbà wo? Òun ò mọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ náà ò mọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, owó ò wá rárá. Ọ̀gá pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó ní kí wọ́n ti ọgbà, kí kálukú lọ jókòó sílé ná. Ìyàwó mi ní, "Àwọn ọmọ igi ńkọ́?" Wọ́n kún ọgbà fọ́fọ́, wọ́n ti tó gbìn, òjò sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní kò sí owó ọkọ̀ tí yóò kó wọn, kò sí owó ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀, dúkìá ìjọba sì ni wọ́n, òun ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi wọ́n ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Ìyàwó mi ronú díẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá wá yá àwọn èèyàn ńkọ́, sà?"

Ẹ bá mi gbọ́ o! Ó fẹ́ yá èèyàn ní igi, bí ìgbà téèyàn ń yá aládùúgbò ní àkàbà! Ọ̀gá wojú rẹ̀, ó wo àjà, ó ní òun ò tíì rí òfin tó ní kí wọ́n má yá igi.

Bó ṣe di pé ìyàwó mi ń ti bárò kiri nìyẹn, láti ojúlé dé ojúlé. Á kan ilẹ̀kùn, á ní, "Mo wá yá yín ní igi. Ẹ gbìn ín síwájú ilé, ẹ máa fi omi tí ẹ bá fi ṣan abọ́ bomi rin ín. Ọjọ́ tí ìjọba bá bèèrè, ẹ óò dá a padà." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á. Télọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bi í pé, "Màmá Igi, ṣé èlé wà lórí ẹ̀?" Ó ní, "Ibòji ni èlé ẹ̀." Èyí tó kù, ibi tí mo máa ń gbé àga mi sí gan-an ló gbìn ín sí. Mo kùn, mo kùn, mo bá sún àga.

Nígbà tí ọdún fi yí po, igi télọ̀ ti ga tó télọ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi àjákù aṣọ so ó mọ́ igi kékeré kan kí atẹ́gùn má baà dá a, ó sì gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Bí ẹnikẹ́ni bá fara ti igi yẹn, ariwo ni.

Ìgbà yẹn ni ìròyìn dé pé àjọ yẹn fẹ́ tún owó náà gbé yẹ̀ wò, pé àlejò ń bọ̀. Inú ìyàwó mi dùn, ó fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá dé, ojú rẹ̀ ti fà ro. Ọ̀rọ̀ tó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn àlejò ni pé inú ọgbà làwọn ọmọ igi wà. Bí wọ́n bá bá ọgbà lófìfo, wọ́n á ní káńsù ti tà wọ́n jẹ, owó tán, iṣẹ́ tán. Ọ̀gá ti ń làágùn, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà wọ́n padà."

Ìyàwó mi gbé bárò àti ọkọ́ jáde. Ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró síwájú igi wa, kò ṣe nǹkan kan. Mo ní, "Hú u, jàre! Kí n rí ibi gbé àga mi sí."

Ó ní, "Ó ti ta gbòǹgbò, Bàbá àwọn ọmọ. Tí mo bá hú u, ó kú nìyẹn."

Ó fi bárò sílẹ̀ níta, ó wọlé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ dá kọ́kọ́rọ́ ọgbà tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún ọ̀gá, ó ní òun ò lè ṣe é. Inú bí mi, torí owó iṣẹ́ rẹ̀ la ti ń retí látọdún láti fi gbọ́ bùkátà. Orí mi tún wú nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó mọ̀.

Mo gbé ṣòkòtò lọ sọ́dọ̀ télọ̀, mo bá ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un. Kò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí n ti fura, torí télọ̀ kì í dákẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wá pe ìyàwó mi sí káńsù. Mo gbá ọ̀pá mi mú, mo tẹ̀ lé e. Télọ̀ la bá lẹ́nu géètì, ó gbé igi rẹ̀ mọ́ra, ó fi aṣọ tuntun tí kò tíì rán wé gbòǹgbò rẹ̀, erùpẹ̀ ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Àwọn ará àdúgbò dúró lẹ́yìn rẹ̀ tàwọn ti ọkọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ń wò ó bóyá káńsù á gba tirẹ̀ ná, kí wọ́n tó lọ hú tiwọn.

Ó ní, "Màmá Igi, mo ti dá a padà o. Kí wọ́n fún yín níṣẹ́ yín."

Ìyàwó mi figbe ta. "Ta ló ní kó o hú u? Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Ó ń lù ú léjìká, ó ń sunkún.

Télọ̀ tún gbá igi náà mọ́ra. Ó ní, "Ẹ ṣáà ní àyálò ni."

Ọ̀gá jáde. Ó wò wá títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó bá di gbòǹgbò igi náà mú lápá kan. "Ẹ jẹ́ ká sáré dá a padà sí ihò ẹ̀," ó ní. "Màá sọ fún wọn pé òpópónà wa lọgbà wa báyìí." Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ìyàwó mi lọ́wọ́, a sì gbé igi náà lọ.

Igi náà kú. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bomi rin ín, ó kú ṣáá. Télọ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tu.

Àwọn àlejò dé, ọ̀gá mú wọn rìn yíká àdúgbò, ìyàwó mi tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń fọwọ́ kan ewé, wọ́n ń yin ara wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ télọ̀, obìnrin tó ṣáájú wọn bèèrè pé, "Kí ló pa èyí?"

Ọ̀gá fẹ́ sọ̀rọ̀, télọ̀ ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo hú u. Wọ́n ní tí Màmá Igi ò bá kó igi yín padà fún yín, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo bá dá tèmi padà."

Obìnrin náà dúró ti igi gbígbẹ yẹn títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ.

Wọ́n fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, èyí tó máa gbé wa dé ìparí ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ká ṣì máa retí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìyàwó mi gbé ọmọ igi kan láti ọgbà, mo bá a rìn. Òun fúnra rẹ̀ ló fa èyí tó ti kú tu níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó gbin tuntun sínú ihò náà. Télọ̀ dìde nídìí maṣíìnì. Lọ́jọ́ yẹn, kò ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní, "Màmá Igi, ìgbà wo ni kí n dá èyí padà?"

Ìyàwó mi fẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ yíká ìdí igi náà.

"Mi ò yá ẹ," ó ní. "Tìẹ ni."