Ẹni Tó Ṣáájú Mi Délé

Ẹ má rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín. Ojú mi yìí ló rí i, etí mi yìí ló sì gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó máa rín in.

Ọkọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ọmọ Kàbà tí omi odò ilé wa kì í muni kọjá orúnkún! Èmi ni mo máa ń fi wáyà sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sínú ibú. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà máa ń gbọ́ ohùn abẹ́ omi: ẹja, ìgbì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn.

Omi níwájú, omi lẹ́yìn, kò sí nẹ́tíwọ́kì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ àfi èmi. Nígbà mìíràn màá lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀, màá máa dá sọ̀rọ̀. Àárò ilé ń sọ mí, ẹ gbà mí gbọ́.

Màmá mi nìkan ni mo ní láyé, èmi nìkan ni wọ́n sì bí. Kí n tó wọkọ̀, tí wọ́n bá ti pè mí, "Ọkọ mi, ìgbà wo lò ń bọ̀?" màá ní, "Mò ń bọ̀, Màmá." Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó jókòó pa, tí kò mira rárá, òun náà á ní òun ń bọ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀rọ ti wà nísàlẹ̀, ọ̀gá tó ń gbọ́ ọ fẹ́ lọ jẹun, ó ní kí n bá òun fi kinní tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ bo etí. Mo fi í bo etí. Omi ń hó. Ó ṣe díẹ̀, gbogbo ẹ̀ pa lọ́lọ́.

"Ọkọ mi, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Yéè! Ohùn màmá mi ni. Ara mi bù máṣọ. Ó yẹ kí n ju nǹkan ọ̀hún nù, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi ohùn ilé pè mí. Omijé bọ́ lójú mi. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Mò ń bọ̀, Màmá."

Nígbà tí mo fa wáyà sókè, kò sí ẹ̀rọ lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó já ni. Kò já o. Ẹnìkan ló tú u nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Bí a ṣe gúnlẹ̀, n ò dúró. Mo dé Kàbà nírọ̀lẹ́, mo gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà kí mi bí a ṣe ń kíra nílé wa, ó ní, "Okun o, bọ̀dá. Àná náà ni mo rí yín lójúde Màmá." Mo ní ó ṣì mí mú ni.

Mo kanlẹ̀kùn. Màmá ṣí i díẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Mo ti dé."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi ti dé tipẹ́. Ó ń sùn ní yàrá. Ìwọ tí o gbé ojú ẹ̀ wọ̀, jọ̀ọ́, máa lọ kó má baà jí."

Ẹnìkan húkọ́ nínú ilé. Ikọ́ mi ni. Màmá ti ilẹ̀kùn.

Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ni mo wà báyìí, nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Mo tún pe fóònù Màmá láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin kan ló gbé e, n ò ní sọ irú ohùn tó ní fún yín. Ó bi mí pé kí ni mo ń fẹ́ lọ́wọ́ ìyá òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lájò, tí ìyá yín bá ń bi yín ìgbà tí ẹ ń bọ̀, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Ẹ má kàn dáhùn lásán o. Èmi dáhùn, n ò sì nílé mọ́.