Ọ̀nà Tó Kọjá Apòmù

Mọ́tò ọkọ mi a máa rùn bí òbúkọ, bẹ́ẹ̀ a ò sin ewúrẹ́ rí nínú ilé wa ní Ìkirè. Òórùn náà ti wọ inú ìjókòó ẹ̀yìn lọ, òun àti òórùn ẹ̀gẹ́ rírẹ àti ti epo pupa tó dà sílẹ̀ tí ẹnì kan fi ewé nù. Bí mo bá ráhùn, ọkọ mi á ní, ‘Mọ́tò ti dàgbà ni, bí àgbà ṣe ń rùn nìyẹn.’ Ní gbogbo Sátidé ni mo máa ń fi ọṣẹ fọ ìjókòó yẹn kí a lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì láìfi ojú ti ara wa, tí màá sì máa kùn bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Tíṣà ni àwa méjèèjì. Ẹgbẹ́ ni wá, mi ò pè é ní ‘ẹ̀yin’ rí àfi tí àwọn ẹbí rẹ̀ bá wà níjòkòó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀ rárá: á kí mi láàárọ̀, á dúpẹ́ oúnjẹ, á gbàdúrà alẹ́, ó parí nìyẹn. Èmi ni mo máa ń sọ tèmi tán tí màá tún dá ara mi lóhùn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ ọ́ di àṣà pé bí ọjà Apòmù bá ti pé, á gbé mọ́tò jáde láàárọ̀. Ó ní òun ń lọ gba atẹ́gùn. Òun náà ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà, kò sì fi kíkọ́ ṣeré. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé oríta tó wà lẹ́yìn Apòmù, níbi tí ọ̀dà ti parí tí ilẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀, á ní, ‘Ó tó. Yí i padà.’ Màá ní, ‘Kí ló wà níwájú?’ Á ní, ‘Kò sí nǹkan kan. Ọ̀nà ò dáa.’ Apòmù tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tòògbé nínú mọ́tò láti Ìkirè, kó tó lajú ó ti débẹ̀, ibẹ̀ ni ayé mi pin sí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo lẹ́nu tó báyìí, mo gbà.

Ìgbà tó wá kú, ilé kún fún èèyàn, ilé sì tún ṣófo. Mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ìdààmú mi wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè fìdí kan jókòó. Mo máa ń gbá àgbàlá tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀. Màá gbé omi kaná, kó tó hó mo ti dé ẹnu géètì, màá dúró síbẹ̀ máa wo títì bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ àkọ́bí, tó ń gbé Èkó, bá gbé ìpinnu jáde: òun ti rí ẹni tó máa ra mọ́tò, òun sì ti tún yàrá kan ṣe fún mi lọ́dọ̀ òun, kí n máa bọ̀ wá bá òun tọ́jú àwọn ọmọ. ‘Màámi, kí ló tún kù tí ẹ̀ ń ṣe ní Ìkirè? Ẹ wá sinmi.’ Èmi tí ìsinmi ti sú! Ohun tó dùn mí jù ni ìbéèrè yẹn. Lóòótọ́, kí ni mò ń ṣe?

Ní àsìkò yẹn náà ni àbígbẹ̀yìn mi obìnrin wá kí mi, tó fi nǹkan kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Òyìnbó kan ni, obìnrin, orí rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó ń dá wa mọ́tò lọ létí òkun ní orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n ń pè ní Mẹ́síkò. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òkè wà lọ́wọ́ òsì, kò sí ilé, kò sí ọjà. Ibi tó bá wù ú ló máa ń dúró. Á ra ẹja sísun lọ́wọ́ àwọn apẹja, á jẹ ẹ́ tán, á juwọ́ sí wọn, á tún máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ní kó tún un fi hàn mí, mo tún ní kó tún un fi hàn mí, títí ọmọ náà fi ní, ‘Màámi, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì mi.’

Mo ní, ‘Kí ló ń lọ ṣe níbi tó ń lọ?’

Ó ní, ‘Kò lọ ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń lọ ni.’

Ó kàn ń lọ ni! Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Gbogbo ìrìn tí mo ti rìn láyé mi, ìkómọ ni, ìsìnkú ni, ìpàdé ni, tàbí kí n lọ wo aláìsàn. Mi ò tíì lọ síbì kankan rí kí n sáà kàn máa lọ.

Ọmọ mi ọkùnrin pè pé òun àti ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò ń bọ̀ ní Sátidé, lọ́wọ́ ọ̀sán. Kí n kó ẹrù mi sílẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Ọjọ́ náà pé, ó sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà Apòmù, mo jí, mo wo àpótí tí mo ti dì, mo wo kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo sọ fún ara mi pé bí wọn ó bá tiẹ̀ gbé mi lọ sí Èkó bí ẹrù, màá kọ́kọ́ gbé ara mi lọ síbì kan ná. Mo di dòdò Ìkirè, èyí tó dúdú tó sì ta dáadáa, mo gbé omi, mo wé gèlè kékeré, mo wá fi awò dúdú tí àbígbẹ̀yìn mi gbàgbé sílé sójú. Mo rò pé mo ti di èèyàn pàtàkì. Aládùúgbò mi tó ń gbálẹ̀ dúró, ó gbé ọwọ̀ dání, ó ní, ‘Ẹ ń lọ síbo, ìyá?’

Mo ní, ‘Mo kàn ń lọ ni.’

Ó ju ọwọ̀ sílẹ̀. ‘Yéè! Ta ló kú?’

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, mo bá ṣáná sí mọ́tò, mo wà á lọ.

Mo dé oríta yẹn. Mo tilẹ̀ dúró díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ sọ pé kí n yí i padà. Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Mo bá kọjá. Àìrìn jìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà náà ò tiẹ̀ burú tó bí ọkọ mi ṣe ń sọ. Igi kòkó fi orí kanra lókè, abẹ́ rẹ̀ tutù, mo sì ń rọra lọ débi pé adìyẹ kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá níwájú mi láìsáré. Inú mi dùn. Èmi nìkan nínú mọ́tò, mo hó yèè!

Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ará oko Òwu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á juwọ́. Èmi náà á juwọ́ padà, bí òyìnbó yẹn ṣe ń juwọ́ sáwọn apẹja. Obìnrin kan tó ru ẹ̀gẹ́ rírẹ nínú bàsíà tiẹ̀ ju ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mo juwọ́ tèmi, mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá. Nígbà tí mo wo dígí, ó ti sọ bàsíà kalẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé mi. Mo ní, ‘Ará Òwu mà lọ́yàyà o!’ Ẹ ò rí i bí orí èèyàn ṣe máa ń dàrú. Lọ́dọ̀ tiwa, mọ́tò tó bá ṣófo lójú ọ̀nà oko, ti gbogbo ayé ni. Ẹni tó bá wà á kọjá lára ẹni tó rẹrù, ọ̀dájú ni. Inú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni mo dàgbà sí. Mẹ́síkò ló wọ̀ mí lórí.

Ó ku díẹ̀ kí n dé Orílẹ̀-Òwu, bàbá arúgbó kan dúró sáàárín ọ̀nà gbágbágbá, ó fokùn fa òbúkọ dání. Mo tẹ bíréèkì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò wa ní àrùn tirẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sókè kó tó fà á, èmi àti ọkọ mi nìkan ni mo rò pé ó mọ̀ ọ́n. Bàbá yìí gbé e sókè, ó fà á, ó ti òbúkọ wọlé. Ó wá síwájú, ó jókòó tì mí, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó ní, ‘Tíṣà, ẹ mà pẹ́ o. A ti ń retí yín tipẹ́.’ Ìgbà yẹn ló tó wojú mi. Ó rí awò dúdú. ‘Háà! Ta nìyí?’

Mo yọ awò. Mo ní, ‘Ẹ má bínú, bàbá. Ìyàwó Tíṣà ni mí.’

Ojú rẹ̀ là. ‘Ẹ̀yin ni ìyàwó Tíṣà Ìkirè wa! Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ yín ṣáá. Wọ́n ní bí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ ó kọ́kọ́ fọ gbogbo abọ́ ilé.’

Mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Òótọ́ ni! Bí mo ṣe ń jà nìyẹn, mi ò sì mọ̀ pé ó ń rí mi. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Bí Tíṣà ṣe máa ń gbé wọn lọ sọ́jà tí á tún kó wọn padà, tí kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí á ṣe máa sín ọ̀gá ilé ìwé àtijọ́ kan jẹ, títí àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn mí. Ọkọ mi! Tó ń sín èèyàn jẹ! Inú bí mi, mi ò ní purọ́, mo jowú. Ìdérí ìkòkò ni mò ń bá gbé ní gbogbo ọdún yẹn, wọ́n wá ń lá ọbẹ̀ inú rẹ̀ lójú ọ̀nà oko.

Bàbá wá ní, ‘Àwọn fúnra wọn ńkọ́? Ohun tí àwa ń sọ láàárín ara wa ni pé àwọn ọmọ ti kó wọn lọ sí Èkó. Báwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń ṣe nìyẹn.’

Wọn ò gbọ́. Tíṣà Ìkirè ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, tíṣà sì pọ̀ ní Ìkirè, wọn ò mọ ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, opó kì í túfọ̀ ọkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń bá a sọ ọ́, á lọ́ ọ lọ́ ọ kó tó kàn án. Láti ọjọ́ tó ti kú, mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n èmi, bàbá àti òbúkọ nìkan la wà níbẹ̀. Mo pa mọ́tò. Mo ní, ‘Bàbá, Tíṣà ti lọ sinmi.’

Ó ṣí fìlà, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sínú koríko, ó bú sẹ́kún. ‘A ò gbọ́ o! Tíṣà, a ò gbọ́!’ Èmi náà sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó tì í, mo sì sunkún bí mi ò ṣe sunkún láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Nílé, bí mo bá ti yanu, ẹnì kan á ní, ‘Ó tó, ìyá, ẹ rọ́jú.’ Níbí, kò sẹ́ni tó ní kí n rọ́jú. Obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn bá wa, ó ti kó èébú mi sẹ́nu. Nígbà tó gbọ́, bàsíà rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn tún dé láti inú oko.

Mo rò pé wọ́n á kí mi kí n sì máa bá ìrìn mi lọ, bóyá kí n dé Ararọ̀mí-Òwu tó wà níwájú. Bàbá ní rárá. ‘A kì í kí ọ̀fọ̀ Tíṣà nínú koríko. A ó dé ilé wọn. Lónìí.’ Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu àti epo sẹ́yìn mọ́tò. Òbúkọ tó yẹ kó lọ sọ́jà Apòmù ti di ti èmi opó. Wọ́n jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀, òbúkọ gbé àgbọ̀n lé mi léjìká. Báyìí ni èmi tí mo kàn ń lọ ṣe yí padà.

Ọmọkùnrin mi àti oníbàárà rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì, aṣọ funfun gbòò lọ́rùn oníbàárà. Àwọn àlejò ń sọ̀ bí ẹni tú àpò. Kí ni àkọ́bí fẹ́ ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò Èkó rẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n wo àga Tíṣà, wọ́n sunkún, wọ́n gbàdúrà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó máa ń sọ fún wọn. Ọmọ mi ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé bàbá rẹ̀ tí wọ́n ń ròyìn yìí pamọ́ fún un. Oníbàárà ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò, ó yọjú sí i, ó sáré yọ orí kúrò. ‘Ewúrẹ́ kọ́ rèé?’ Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn aṣọ funfun rẹ̀ nù.

Ìrọ̀lẹ́ wá ń bọ̀. Àjò kì í dùn kónílé má relé. Àwọn àlejò dìde, ọmọkùnrin mi wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó na ọwọ́. ‘Ó ti rẹ̀ yín, Màámi. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí n lọ gbé wọn sílé.’ Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ dáadáa ló nà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sí ọwọ́ yẹn, kò ní padà sọ́dọ̀ mi mọ́, èmi náà ò sì ní padà sí Ìkirè.

Mo ní, ‘O ò mọ ọ̀nà.’

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n láàárọ̀ yẹn! Bàbá arúgbó ò dúró gbọ́ ìyókù, ó ti jókòó síwájú. Ọmọ mi wo inú mọ́tò tó kún, ó wò mí, ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ rọra wà á o, Màámi.’

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Mo máa ń lọ sí Èkó lọ́dún Kérésì, bí ọdún bá ti lọ, mo ti wà nílé. Ìdí mi ò tíì gbélẹ̀. Mo ti dé Ararọ̀mí-Òwu, mo ti dé ọ̀nà tó kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì dá lọ rí, mi ò sì tíì jẹ ẹja sísun létí òkun. Nígbà míì mo máa ń rántí obìnrin Mẹ́síkò yẹn, ó ṣì máa ń wù mí. Lọ́jà tó kọjá, bí mo ṣe ń gbé wọn lọ sí Apòmù, obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tún rántí ọ̀rọ̀ kan tí Tíṣà sọ nípa mi, èyí tí n kò gbọ́ rí. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo ní láti pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí a fi jọ gbélé, ọ̀rọ̀ ṣì kù tí ọkọ mi fẹ́ bá mi sọ. Mi ò fi ọṣẹ fọ ìjókòó ẹ̀yìn mọ́.