Ìkòkò tí mo fọ́ lẹ́yìnkùlé wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fọ́ ohun tí kò yẹ kí n fọ́ lónìí. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́, n kò mọ̀wé.

À ń gbẹ́ ṣaláńgá lẹ́yìnkùlé wa ní àdúgbò Commerce, nílùú àwọn Baulé tí a ń bá gbé níbí, nínú ilé tí àna mi kọ́ nígbà ìjọba Faransé. Ṣọ́bìrì bá kan ìkòkò àwọn Baulé kan tí wọ́n fi ọmọrí dé. Mo rò pé oògùn ni. Mo gba ṣọ́bìrì, mo fọ́ ọ túútúú.

Ìyá Akísì, arúgbó Baulé tó múlé tì wá, yọjú lórí ògiri. Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

"Anago, kí lo fọ́ yẹn?"

"Oògùn yín ni."

"Oògùn wa kẹ̀? Ṣé orí ẹ pé? Ìyá mi ló fi amọ̀ mọ ìkòkò yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bí ìyàwó rẹ ni ìyá rẹ̀ rà á, èmi ni mo rù ú wá síbí. Ṣebí ẹ̀yin Anago lẹ máa ń fi ìkòkò sin ibi ọmọ!"

Ibi ọmọ tó bá Rábí ìyàwó mi wáyé ni mo fẹ́ gbẹ́ ṣaláńgá lé lórí.

Mo ti lé àwọn agbẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣa gbogbo àfọ́kù náà sínú garawa. Ọmọ mi ní kí n sin ín sẹ́bàá sàréè ìyá òun. Ìyá Akísì ní kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà.

Rábí tí ǹ bá bi ti kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ibo ni yóò fẹ́ kí n sin ín sí?