Búrẹ́dì Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì Harnwick

Ilé búrẹ́dì ni wọ́n bí Hester Tranter sí, ibẹ̀ náà ni irun orí rẹ̀ sì ti funfun. Ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀, kó tó kan òun náà, ló ń yan búrẹ́dì tí Lọ́ọ̀dù Harnwick ń fọwọ́ ara rẹ̀ pín fún ará abúlé wa lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Ọdún Àjíǹde. Ebi ló bí àṣà náà. Lọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ló bọ́ abúlé lọ́dún tí òjò ba àlìkámà jẹ́, tó sì ya oko kan sọ́tọ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi òfin tì í: bí agogo ọ̀sán bá lù kí Lọ́ọ̀dù tó pín búrẹ́dì àkọ́kọ́, kí wọ́n ta oko náà, kí àṣà parí.

Ọkùnrin nìkan ló ń jẹ oyè Lọ́ọ̀dù yìí. Nígbà tí Lọ́ọ̀dù àgbà kú láìní ọmọkùnrin, àwọn agbẹjọ́rò tọpa ìdílé náà títí wọ́n fi kan ìbátan kan tó jìnnà, Clement Harnwick, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Leeds. Ó ṣèlérí pé òun yóò wá. Kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀ nínú wa.

Lọ́jọ́ náà, òjò ń rọ̀ wẹliwẹli. A tò láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé títì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá ni Hester ń retí pé Lọ́ọ̀dù tuntun yóò gbé wá. Kò sí èyí tó yọ. Percy Oddie, alágbẹ̀dẹ wa, ní kí wọ́n kúkú fi òun joyè, òun ṣáà ní fìlà. Hester kò rẹ́rìn-ín. Bí àṣà bá parí, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò parí sí, lójú ìyá rẹ̀ tí wọ́n sin sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Nígbà tí ọ̀sán kù dẹ̀dẹ̀, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó ń ní ká máa lọ sílé. Ní ìparí ìlà, ó bá àjèjì kan tí ẹ̀wù rẹ̀ ti rin gbingbin.

“Ọ̀gbẹ́ni, ará ibí nìkan la ń fún.”

“Mo mọ̀, mà. Èmi ni Clement Harnwick.”

Hester bi í léèrè: “Ìgbà wo lẹ ti dé?”

“Ó ti ṣe díẹ̀. Mo bá yín lórí ìlà, èmi náà sì tò. Èèyàn kì í gba iwájú ẹni tó ti tò.”

“Ìwọ ọkùnrin yìí, ìwọ gan-an la tò dè.”

Ó fà á lápá ẹ̀wù lọ síwájú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan yóò kọjá ìlà lábúlé wa láìsí ẹni tó kùn. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ Percy kí agogo tó lù.

Nígbà tí Clement pín in tán, ó ku ẹyọ kan nínú agbọ̀n. Clement padà lọ dúró síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́nìkankan níwájú rẹ̀ mọ́. Hester gbé búrẹ́dì náà lọ bá a.

“Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ máa bọ̀ síwájú tààrà.”

Ó ní òun yóò gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí òun bá bá ìlà nílẹ̀, òun kò lè ṣèlérí. Hester kò bá a jiyàn. Oko àlìkámà náà ló ń mú un lọ wò, kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ àlìkámà tí wọn yóò gbìn.