Mọ́sítáǹgì Pupa Ràímì

Nọ́ḿbà tó wà lára irin lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni Ràímì fi fáìlì ha dànù. Kò mọ̀ pé nọ́ḿbà ni. Irin náà ti dípẹtà, ó sì rí ṣákaṣàka lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ panẹ́ẹ̀lì ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń di ojú, a sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo ara ọkọ̀; ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kọ́, ọmọṣẹ́ yóò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ràímì ha á títí ó fi jọ̀lọ̀, ó sì kùn ún lọ́dà pupa.

Àwọn kan ní ibùdókọ̀ Pleasure ní Èkó, níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ń sọ pé ó jí ọkọ̀ náà gbé. Irọ́ ni. Ọwọ́ opó kan ní Ayọ̀bọ̀ ló ti rà á, pẹ̀lú ìwé aṣọ́bodè rẹ̀. Wọ́n tún ní ọdún mẹ́wàá ló fi tún un ṣe. Ọdún méje ni. Mọ́sítáǹgì ọdún 1969 ni, ọkọ̀ Amẹ́ríkà onílẹ̀kùn méjì tí imú rẹ̀ gùn bí ti ọ̀nì. Ràímì fi ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i, ó pa dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ dà, nọ́ḿbà tó wà níbẹ̀ náà sì bá a lọ. Ó gbé ọkọ̀ náà sókè kí ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ má baà fọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Kó tó parí, ojú òsì Ràímì ti fọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè dá ojú ọ̀tún sí, bí wọ́n bá ṣe é kí ọdún tó parí. Ọkọ̀ yẹn nìkan ni ohun tí Ràímì ní tó lè tà fi san owó rẹ̀. Àdíját, ìyàwó rẹ̀, kọ "Ọkọ̀ yìí wà fún títà" sí páálí, ó fi há gíláàsì iwájú.

Ní oṣù kẹsàn-án, oníbàárà kan tó ń jẹ́ Henry dé. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá, iṣẹ́ yín dára o. Nọ́ḿbà rẹ̀ dà?"

"Ó wà nínú ìwé, ọ̀gá."

"Ìwé ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ti ara irin ni mò ń bèèrè."

Ràímì na ọwọ́ síbẹ̀. Ó jọ̀lọ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé e.

"Èmi ni mo ha á."

Henry rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró, olè ni wọ́n á pè mí, Bàbá. Ẹ má bínú."

Àlàó, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ràímì, gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ìwọ náà, Ràímì! Mo ní irin tí wọ́n fi ń tẹ nọ́ḿbà, jàre. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Ayédèrú nìyẹn."

"Nọ́ḿbà rẹ̀ gangan ni! Àbí òótọ́ lo fẹ́ máa fi ríran?"

"Bí wọ́n bá mú ẹni tó rà á ńkọ́?"

Àlàó pòṣé, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Oníbàárà méjì mìíràn wá. Ràímì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún wọn. Wọ́n lọ. Ọdún parí. Ní oṣù kejì, Àdíját rí i tó ń fi ọwọ́ wá òòlù tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹnì kan ra ẹ́ńjìnnì àti táyà ní oṣù kẹta. Wọ́n gbé owó náà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Ara ọkọ̀ náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin.

Ràímì wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Àdíját mú un lọ ní oṣù karùn-ún.