Ọdán Mẹ́fà Létí Títì Ọ̀jọ́

Ẹ má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ mi ò sì mọ́ gègé dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń bọ̀ ni mo ń kọ ọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Ìyá àgbà tó ń hun ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tẹ́ ẹní sábẹ́ igi pańṣẹ́kẹ́ kan ní Ìyànà-Ìbá, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ní kí èmi náà dùbúlẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá, ojú ń tì mí. Ọyẹ́ ti gbọn ewé igi náà dànù tán. Èso gígùn rẹ̀ nìkan ló ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lókè.

"Kí lo rí?"

"Oòrùn ni, mà."

"Òun náà ni ìjọba fẹ́ gbìn síwájú ilé wa."

Owó epo rọ̀bì ló ń ṣọṣẹ́ nígbà náà, ìjọba ń la títì kiri. Òórùn ọ̀dà gba àdúgbò kan, katakata ń bú ramúramù láti àárọ̀. Wọ́n ti gé igi ńlá tí àwọn obìnrin tó ń ru ẹja bọ̀ láti etí omi máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà ní ọdán ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀, torí kì í wọ́wé tán lẹ́ẹ̀rùn. Ó gé ẹ̀ka mẹ́fà tó tó ọrùn ọwọ́, ó fi wọ́n síbi tó tutù kí oje wọn lè gbẹ. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ létí títì.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀gá kan dé láti kánsù pẹ̀lú àwọn lébìrà.

"Màmá, ta ló ri igi ìdáná mọ́bí?"

"Ojú ẹ ló rí igi ìdáná. Ọdán ni."

"Pańṣẹ́kẹ́ nìkan ló wà nínú ìwé àṣẹ. Òdòdó ẹ̀ máa ń pọ́n, ó rẹwà."

"Kó rẹwà! Ìgbà tí oòrùn bá le jù lòun ń bọ́ra síhòòhò. Ṣé òdòdó lẹni tó ru ẹja máa fi bo orí?"

"Màmá, ẹ lọ jókòó."

"Mo ti jókòó kí wọ́n tó bí ẹ."

Wọ́n fa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tu. Gbòǹgbò funfun tín-ín-rín ti yọ nídìí wọn. Ọ̀gá náà rí i, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gbẹ́ ihò tiwọn, wọ́n ní pańṣẹ́kẹ́ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá àgbà fẹ́ tún wọn gbìn, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀. Ó fi omi rin ẹní àtijọ́ kan, ó fi wé gbòǹgbò wọn.

"Tí wọn ò bá kan ilẹ̀ lọ́la," ó ní, "wọ́n ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀ ẹ́ pé kí o bá mi gbìn wọ́n."

Mo ti dàgbà báyìí, ohùn mi ò tíì le. Tí ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́ bá ń sọ̀rọ̀, mo máa ń dákẹ́. Ìyá àgbà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìdákẹ́ mi kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni".

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n fa àwọn ọdán náà tu, kí n tó lọ sílé ìwé, mo tú ẹní náà. Mo gbé ọdán kọ̀ọ̀kan sínú ihò tí kánsù gbẹ́, mo wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin.