Ìbéèrè Tí Jẹ́jẹ́ Ń Bi Aláìsàn

Láti wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin dé tíátà, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn wa, kò ju àádọ́rin ìṣísẹ̀ lọ. Mo ti kà á. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń gba aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà tíátà, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń rìn bí ènìyàn á ti dé kí n tó wọ ìbọ̀wọ́ tán. Àmọ́ ọkùnrin tó ń ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́jẹ́, á máa rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Dókítà á ti fọwọ́ tán, á gbé e sókè, á máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo so ọkùnrin náà mọ́lẹ̀.

Bí mo bá pariwo, ẹ̀rín ló máa ń rín. "Nọ́ọ̀sì, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rọ́bà ló máa ń wọ̀, àràárọ̀ ló sì ń fi òróró sí táyà bẹ́ẹ̀dì náà.

Ohun kan nípa rẹ̀ ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo aláìsàn tó bá tì dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló máa ń wà lẹ́nu wọn. Bẹ́ẹ̀ èmi kì í rí ohun tó rú mi lójú kí n kọjá lọ. Ìyá mi ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni mo ti ń yọjú wo ẹni tó gbẹ̀bí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ̀ lé Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn.

Káfíńtà kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ ìpá fún ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Jẹ́jẹ́ ò bi í léèrè àìsàn. Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n bá tú yín sílẹ̀ níbí, kí lẹ máa kọ́kọ́ jẹ?"

Ojú káfíńtà là. "Ìrẹsì! Kó gbóná, kí ẹja ńlá jókòó lé e lórí, kí ìyàwó mi má sì ṣahun ata!"

Inú bí mi. "Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ ò láàánú rárá. Ẹni tá a ti fi omi dù láti àná, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ìrẹsì fún un?"

"Ṣé o ti bi í bóyá ó jẹun?"

"Mo bi í. Ó ní òun ò jẹ."

"Ta lo máa bi tó máa ní òun jẹ? Ẹnu wọn lẹ̀ ń bi. Èmi, inú wọn ni mo ń bi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tébi ń pa ní tòótọ́, kó o tó béèrè tán ló ti ń bu oúnjẹ sáwo."

Ìdí tá a fi ń sọ pé kí wọ́n má jẹun kì í ṣe ìkà. Bí oògùn oorun bá ti mú ènìyàn, ohun tó wà níkùn lè gòkè wá, kó ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì gbẹ̀mí ẹni náà lójú oorun. Mo bi Jẹ́jẹ́ pé níbo ló ti kọ́ ọgbọ́n yẹn. Ó ní táyà kan ń dún, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wò ó. Táyà kankan ò dún.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ obìnrin aránṣọ kan ṣẹlẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ ọrùn rẹ̀ ti tóbi débi pé kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, èémí á máa há a. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kì í gbé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá, ó sì tó ọdún kan tí obìnrin náà ti ń retí. Òun ló kàn lákọ̀ọ́kọ́ láàárọ̀ náà. Jẹ́jẹ́ tì í dé iwájú mi, ó sì fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì.

"Ẹni yìí ti jẹun."

Aránṣọ dìde jókòó. "Irọ́ ni! Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín? Mi ò fẹnu kan nǹkan kan!"

Mo wo ìwé rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò jẹun. Dókítà yọjú, ó béèrè ohun tó dá wa dúró.

"Mo bi í lóhun tó máa kọ́kọ́ jẹ," Jẹ́jẹ́ ní. "Ó ní ohunkóhun, kí n má ṣèyọnu."

"Nítorí ìyẹn nìkan?"

"Dókítà, ẹni tí kò jẹun láti àná kì í sọ pé ohunkóhun."

Àwọn méjèèjì wò mí. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn tí Jẹ́jẹ́ bá jàre, a lè pa obìnrin náà. Bí mo bá dá a padà tí Jẹ́jẹ́ bá ṣìnà, ó di oṣù mìíràn, ta ló sì mọ bí ọrùn yẹn ṣe máa rí nígbà náà?

Mo jáde lọ bá ìyá rẹ̀, tó ń dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì níta. Mi ò bi í bóyá ọmọ jẹun. Mo kúnlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín sí i. "Màmá, kí lọmọ yín fẹ́ràn láàárọ̀, ká lè sè é dè é?"

"Tíì ni o, kí mílíìkì pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó mu láàárọ̀ yìí, kò ṣẹ́ ẹ kù..." Ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. "Ta ní í rán ọmọ rẹ̀ lọ ojú ogun pẹ̀lú inú òfìfo? Tíì àti búrẹ́dì kékeré ni. Èmi ni mo ní kó má sọ."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ẹ gbé e padà. Òun la máa ṣe kẹ́yìn, ní aago mẹ́ta."

A ṣe é ní aago mẹ́ta lóòótọ́. Kí aago mẹ́fà tó lù, aránṣọ lajú, ó ń béèrè ìyá rẹ̀. Àmọ́ láti àárọ̀ ni gbogbo wọ́ọ̀dù ti bá màmá náà wí, mátírọ́ọ̀nù lọ́tọ̀, àwọn aláìsàn lọ́tọ̀. Kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ojú wo lòun fẹ́ fi wo ọmọ òun.

Mo ń lọ pè é nígbà tí mo gbóhùn Jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má bá mi wí, bí mo ṣe rí nìyẹn.

"Màmá, èmi náà fún ìyàwó mi ní búrẹ́dì láàárọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó di ọdún kẹtàlélógún báyìí. Ó ní ebi ń pa òun, mo ní kó tètè jẹ ẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó dé."

Màmá yíjú sí i. "Ṣé ó jí?"

"Kò jí, Màmá. Àwọn dókítà ní àìsàn ọ̀hún ló pa á. Mi ò sọ fún wọn. Àwọn ọmọ wa náà ò mọ̀."

Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá rèé. Omijé ń bọ́ lójú mi, ó dùn mí pé mo gbọ́ ọ.

"Tiyín jí," Jẹ́jẹ́ ní. "Ó ń pè yín. Ẹ dìde."

Ó na ọwọ́ sí i. Màmá dì í mú, wọ́n sì jọ ń lọ sí wọ́ọ̀dù. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí wọ́n fi kọjá.